Wọ́n ní kó ju D700 rẹ̀ nù: ìdáhùn fún ayàwòrán kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo ti ń ya fọ́tò: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, àti iṣẹ́ inú sitúdíò. Nikon D700 tòkunbọ̀ ni mo ti ń lò láti ọdún méje sẹ́yìn, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm àti 85mm, AF-D ni méjèèjì, àti fíláàṣì kan. Mo fẹ́ràn kámẹ́rà yìí gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń pàdé lóde ní kò bóde mu mọ́, wọ́n ní mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ni gbogbo ayé ń lò. Owó tí mo ti tù jọ lè ra ọ̀kan, àmọ́ kò ní ku nǹkan kan sí mi lọ́wọ́. Ṣé mò ń tan ara mi jẹ ni?"

Àbúrò mi, o ò tan ara rẹ jẹ. Má ta D700 yẹn. Àmọ́ ṣá, nínú àwọn ìdí tí àwa tí a fẹ́ràn kámẹ́rà àtijọ́ máa ń sọ, òmíràn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òmíràn kò ní, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ̀bi tán. Jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ọ.

Megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù ojú kéékèèké (píksẹ́lì) tó para pọ̀ di fọ́tò, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi bú u. Ọdún 2008 ni Nikon gbé D700 jáde, megapixel 12 ló ní. D850 tí wọ́n ṣe ní 2017 ní 45. Téèyàn bá gbọ́ iye méjèèjì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tijú láti gbé D700 jáde lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n kí lo ń fi fọ́tò ṣe? Fọ́tò D700 jẹ́ píksẹ́lì 4256 ní gígùn, 2832 ní ìbú. Tí ilé ìtẹ̀fọ́tò bá tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí ínǹṣì kan, tó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń béèrè, ínǹṣì 14 sí 9 lo máa rí láìfà á rárá. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, ẹnikẹ́ni kì í sì fi imú kan ògiri wo fọ́tò.

Fọ́tò kan wà lára ògiri sitúdíò mi, ínǹṣì 16 sí 20 ni. Ìyá àgbà kan tó pé ọmọ ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ náà ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. D700 àti 85mm ni mo fi yà á, mi ò tan fíláàṣì. Ẹtù ló wọ̀. Tí o bá sún mọ́ fọ́tò náà dáadáa, wàá rí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó la àárín aró kọjá, wàá rí ibi tí òwú kan ti já létí gèlè, wàá rí àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òjìji kékeré tó sùn sínú ilà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n tún tẹ mẹ́rin mìíràn fún àwọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé megapixel mélòó ni.

Ìdí tó lágbára jù fún mi wà ní ọwọ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Ọwọ́ rẹ ti mọ kámẹ́rà yẹn bí ẹni tó mọ ojú àpò aṣọ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Mo wà níbi ìṣọ́ òru kan ní ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ ni iná bá lọ. Kí ẹni tó ń fa jẹnẹrétọ̀ tó rí i fà, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Àwọn èèyàn tan iná fóònù wọn, ẹnì kan gbé àbẹ́là dání. Àkọ́bí olóògbé náà dìde, ó lọ bá fọ́tò ìyá rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, ó tẹrí ba, ó fi iwájú orí kan dígí rẹ̀. Ojú mi ò kúrò lára kámẹ́rà. Ọwọ́ òsì mi lọ síbi bọ́tìnnì ISO, èyí tí a fi ń yí bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, tó wà lókè lápá òsì, àtàǹpàkò ọ̀tún yí róbótó ẹ̀yìn, mo gbọ́ bó ṣe ń ta kọ́kọ́kọ́ lábẹ́ ìka mi, mo mọ̀ pé mo ti dé 3200. Ìka iwájú ṣí lẹ́ǹsì dé 1.8. Mẹ́ta péré ni mo rí yà kó tó gbé orí sókè. Fọ́tò kejì nínú wọn ni ìdílé náà tẹ̀ sórí ìwé ìdúpẹ́ wọn. Ká ní kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní oṣù yẹn ni mo gbé lọ, inú mẹ́nù ni ǹ bá wà títí iná fi dé.

Kámẹ́rà tuntun náà lè mọ́ èèyàn lọ́wọ́ tó bá yá. Àmọ́ ó ń gba ọdún kan, nígbà mìíràn méjì, ìwọ lo sì máa fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ kọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà gan-an mọ ohun tí à ń sọ. Ní 2011, Fujifilm gbé X100 jáde pẹ̀lú àwọn róbótó tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí bíi ti kámẹ́rà fíìmù. Nikon ṣe Df ní 2013, ó ṣe Zf ní 2023, àwọn méjèèjì jọ kámẹ́rà fíìmù ayé àtijọ́. Leica tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe M6, kámẹ́rà fíìmù tó ti wà láti 1984, ní 2022. Ọwọ́ èèyàn fẹ́ ohun tó ṣeé dì mú tó sì ṣeé yí.

Iná ni ohun kejì tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, torí ilẹ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́. Nínú D700, dígí ló gbé ohun tó wà níwájú lẹ́ǹsì wá sí ojú rẹ. Ojú rẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ gan-an, kì í jẹ bátìrì. Nínú mirrorless, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lò ń wò, ó sì ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tí o bá fi ń wo inú rẹ̀. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn, bátìrì kan nínú D700 á ya bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Nikon Z6 tó jáde ní 2018, 310 ni wọ́n kọ sí i lára. Lójú iṣẹ́, àwọn méjèèjì máa ń ya jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò rí iná ọba láti ọjọ́bọ̀ tó ní òde lọ́jọ́ àbámẹ́ta mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láptọ́ọ̀pù. Fáìlì Raw (fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ti D700 tí a fún pọ̀ máa ń tó bíi 12MB, ti kámẹ́rà megapixel 45 ń lọ sí 50MB. Ya ẹgbẹ̀rún méjì lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan, èyí àkọ́kọ́ á gba 24GB, èkejì á gba 100GB. Ẹni tó bá ra irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi ra láptọ́ọ̀pù mìíràn.

Ẹ wá jẹ́ ká kan èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọ̀ inú kámẹ́rà àtijọ́ dára ju ti òní lọ, pé ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn tóbi, nítorí náà fọ́tò alẹ́ wọn mọ́ jù. Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan lójú D700 fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti D850. Ṣùgbọ́n tí o bá ya ohun kan náà pẹ̀lú àwọn méjèèjì lálẹ́, tí o tẹ̀ wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, tí o gbé wọn síra wọn, ti D850 á mọ́ ju ti D700 lọ. ISO 3200 ni mo fọkàn tán D700 dé. Ó lè lọ sí 6400, mi ò kàn ní í gbé e síbẹ̀ fún owó oníbàárà. Ní ti àwọ̀, inú ẹ̀rọ àti ọwọ́ ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ló ti ń wá.

Àwọ̀ ara wa, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀. Mítà inú kámẹ́rà gbà pé ohun tó wà níwájú òun kò funfun jù, kò dúdú jù, àwọ̀ eérú ni. Fi ọkùnrin dúdú kan sínú agbádá léèsì funfun, kó dúró síwájú ògiri funfun: mítà á rí funfun yẹn, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọkùnrin náà á dà bí ìdí ìkòkò. Fi obìnrin dúdú sínú ẹtù nínú yàrá tó ṣókùnkùn: mítà á fi kún un, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tó kun eérú. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro tiwa mọ́ ọn. Láyé fíìmù, Kodak máa ń fi káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìtẹ̀fọ́tò láti fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ẹni tó ń ya dúdú ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀nà.

Wọ́n sì wá ọ̀nà. Kámẹ́rà Brownie kékeré tí kò ní fíláàṣì ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, rà ní 1950. Nígbà tó di 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, dúdú àti funfun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kó tó dáwọ́ dúró. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Fẹ́níìsì ní 2013, ọdún kan kó tó dolóògbé. Nílẹ̀ Yorùbá náà, kí kọ̀ǹpútà tó dé, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán á ya èyí tó ṣẹ́ kù, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Ọmọ yàrá òkùnkùn tó ṣe ìyẹn láìsí ìlà láàárín mọ ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, lórí D700 rẹ, má fi gbogbo ìgbà gbára lé mítà. Gbé e sórí spot, tó ń wọn ibi kékeré kan péré, fi í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni náà, kí o sì dín in kù díẹ̀ tó bá jẹ́ dúdú gan-an, tàbí kí o gbé gbogbo rẹ̀ sí manual, kí o ya ojú kan, kí o wò ó, kí o tó pe àwọn yòókù. Àwọn kámẹ́rà tuntun máa ń dá ojú èèyàn mọ̀, wọ́n sì ń fi í wọn ìmọ́lẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni lóòótọ́, ó sì máa ń yá iṣẹ́.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ òótọ́ ló kù. Wọ́n lè má mọ̀ pé òun ló burú jù, torí fókọ́ọ̀sì ojú àti fídíò ni wọ́n sábà máa ń sọ. D700 ní ihò káàdì kan ṣoṣo.

Ìgbéyàwó kan ni, ní Ìbàdàn. Káàdì kan náà ni mo fi ya gbogbo ọjọ́ náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́ ojú fún ìyàwó títí dé ìgbà tí wọ́n jó wọ inú gbọ̀ngàn. Mo délé, mo tì í sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kí n fọ́mátì rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo tún tì í padà. Bákan náà ni. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà bá mi gba díẹ̀ lára rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òrùka tí wọ́n fi sí ara wọn lọ́wọ́, àdúrà àwọn òbí, kò sí níbẹ̀. Mo lọ sílé bàbá ìyàwó, mo dọ̀bálẹ̀. Mo dá owó padà. Bàbá ò bínú púpọ̀, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo káàdì 8GB, mo ń pààrọ̀ wọn bí ìgbà tí ètò bá ń yí: ìmúra tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, gbọ̀ngàn lọ́tọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Kámẹ́rà tó ní ihò méjì á máa kọ fọ́tò kan náà sórí káàdì méjì, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ràn D700 tó tí mo lè sọ pé ìyẹn kò ṣe pàtàkì.

Fídíò: kò ní rárá. Tí àwọn ìyàwó Abẹ́òkúta bá ti ń béèrè fídíò kúkúrú fún Instagram, owó ń lọ lára rẹ. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ náà kó jọ sí àárín, àwọn ọmọdé tó ń sáré níbi ìkómọ á máa bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ariwo dígí rẹ̀ ń ta pà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn.

Àmọ́ kí o tó gbé owó sílẹ̀ fún mirrorless, yọ lẹ́ǹsì 85mm rẹ kúrò, kí o wo irin róbótó iwájú kámẹ́rà. Wàá rí irin tín-ín-rín kan létí rẹ̀ tó yọ orí síta, ẹnu rẹ̀ dà bíi ti síkúrúdíráfà. Irin yẹn ló ń yí lẹ́ǹsì rẹ láti wá fókọ́ọ̀sì, torí AF-D kò ní mọ́tò nínú ara rẹ̀. Mirrorless Nikon kò ní in, FTZ tí Nikon ṣe láti fi so lẹ́ǹsì àtijọ́ mọ́ ọn kò sì ní in. Èyí túmọ̀ sí pé ní ọjọ́ tí o bá ra kámẹ́rà Z pẹ̀lú FTZ yẹn, lẹ́ǹsì rẹ méjèèjì di èyí tí o ń fi ọwọ́ yí. Wàá tún ra lẹ́ǹsì, wàá tún ra bátìrì, wàá tún ra káàdì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Owó tí o ní lọ́wọ́ kò tíì tó sọ ọ́ ní orúkọ yẹn.

Ohun tí èmi á ṣe tó bá jẹ́ èmi: máa wá D750 tòkunbọ̀. 2014 ni wọ́n ṣe é, megapixel 24 ni, ihò káàdì SD méjì ló wà lára rẹ̀, ó ń ya fídíò 1080, alẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti D700 lọ, irin tí mo júwe yẹn sì wà níwájú rẹ̀, lẹ́ǹsì rẹ méjèèjì á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí àlàyé. Àtijọ́ lòun náà lójú àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Bọ́tìnnì ISO ṣì wà lápá òsì. Láti 2020 tí Nikon ti ṣe D780 àti D6 ni kò ti ṣe DSLR (kámẹ́rà onídígí) tuntun mọ́, àwọn tó ń sá lọ síbi mirrorless sì ń tú ẹrù wọn sọ́jà. Àsìkò tìrẹ nìyí. Owó tó bá ṣẹ́ kù, fi ra fíláàṣì kejì pẹ̀lú agboòrùn funfun. Ìmọ́lẹ̀ tó dára á yí iṣẹ́ rẹ padà ju bọ́dì èyíkéyìí lọ. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fídíò ńlá, lọ yá mirrorless lọ́jọ́ náà kí o sì fi owó ìyáni kún iye tí o máa pè.

Tí o bá dé Ìkẹjà tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, mú káàdì SD kan àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Ya fọ́tò kan, gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wo iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé fọ́tò náà. 150,000 ni Nikon fi dán ti D750 wò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti D700. Ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ya ògiri funfun ní f/16 kí o rí ìdọ̀tí tó bá wà lójú rẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Tí o bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn. Má rà á, má sì jẹ́ kó bá tìrẹ sùn nínú àpò kan. Òjò ilẹ̀ wa ń mú lẹ́ǹsì bu bó ṣe ń mú búrẹ́dì bu. Ike tó ní ìdérí tó dì pinpin ni kí o máa fi wọ́n sí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tí wọ́n ń bá bàtà wá. Tí ọyẹ́ bá dé, má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta gbangba.

Ní ti D700 fúnra rẹ̀, ohun méjì péré. Káàdì CF rẹ̀ ń wọ orí àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-tìn-tín nínú kámẹ́rà. Tì í sí i gbọọrọ, tó bá kọ̀, yọ ọ́ kí o wò ó, má fi agbára ṣe é, torí abẹ́rẹ́ kan tó bá tẹ̀, o ti rí iṣẹ́ nìyẹn. Èkejì, lọ sínú mẹ́nù, wá ibi tí wọ́n kọ Battery info sí. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ láti 0 dé 4. 0 ni bátìrì tó ṣì le, 4 ni èyí tó ti gbó. Wo tìrẹ lónìí kí o tó lọ sóde lọ́jọ́ àbámẹ́ta, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ iye tí o bá níbẹ̀.